Ta Ni Yóò Kà Á Fún Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Mando, Kàdúná

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní kí a sọ ni èrè tí ó wà nínú ìwé kíkà fún ẹni tí ó mọ Ọlọ́run. Ní tòótọ́, nígbà tí wọ́n gbé e lé wa lọ́wọ́, a rò pé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kí a sọ ọ́ tán kí a sì lọ jẹun. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yí wa lọ́kàn padà.

Ní oṣù tí ó kọjá, a lọ sí àìsùn bàbá wa kan tí ó lo ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún ní ìlú yìí. Ẹ mọ ẹni tí a ń wí. Àwọn ọmọ pé, àwọn ọmọ ọmọ pé. Nígbà tí ó tó àkókò láti ka Bíbélì, ẹni tí ó ń darí ìsìn mú Bíbélì olóògbé náà gan-an, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya tí a fi aṣọ lẹ̀, ó ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ dìde kí ó kà á. Ẹni àkọ́kọ́, ọmọ yunifásítì, gbà á, ó wò ó, ó ní òun yóò kà á ní Gẹ̀ẹ́sì láti inú fóònù òun. Wọ́n ní rárá, ti bàbá ni kí ó kà. Ó gbé e fún àbúrò rẹ̀. Àbúrò gbé e fún ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Bíbélì ń lọ káàkiri ilé bí ẹrù tí kò ní olówó. Kí ẹ má sì rò pé ọmọ ọlọ́mọ nìkan ni à ń bú: ọmọ tiwa wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí a nà án sí, tí ó mi orí.

Ìyá àgbà kan tí ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni ó ní kí wọ́n gbé e wá. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Kò sí iná mànàmáná ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí náà ẹnì kan bá a tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé àárín, ó gbé ojú kúrò lórí ìwé, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró títí ó fi parí rẹ̀.

A lọ kí i ní ilé lẹ́yìn ìsìnkú, a sì bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ ìwé. Ó ní Kàdúná níhìn-ín ni, nínú kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí òun ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, tí òun ń pọn ọmọ jókòó ti ìwé ábídí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti ọkọ òun ti wá, àwo ni wọ́n ń tà. Kì í ṣe torí iṣẹ́ ìjọba ni òun ṣe kọ́ ọ. Ó ní ó ti rẹ òun láti máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ kí ó bá òun ka ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run ń bá òun sọ. Ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ ka ẹsẹ kan tán fúnra òun, inú òun dùn tí òun kò lè jókòó mọ́, òun sá lọ kà á fún obìnrin Háúsá tí ó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Obìnrin náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ó kàn ní, "Madalla!"

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bí a ti ń padà bọ̀, a ń rò ó pé ayọ̀ yẹn ni àwọn ọmọ wa kò mọ̀.

Ẹ rántí ibi tí ìwé Yorùbá ti wá. Ọmọ Òṣogùn kan, Àjàyí, ni ogun kó ní 1821 tí wọ́n sì tà á. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ọjọ́ kìíní tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó bẹ ará ìlú rẹ̀ kan fún kọ́bọ̀ díẹ̀ kí ó lè ra ábídí tirẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti tà ni ó kọ́kọ́ lo owó bẹ́ẹ̀! Wọ́n rì í bọmi ní 1825, ó di Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ní 1846 ó rí ìyá rẹ̀ padà ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní 1850 Episteli sí àwọn ará Róòmù jáde ní èdè wa. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣe é, Thomas King àti àwọn mìíràn bá a gbé ẹrù náà. Ó di 1884 kí Bíbélì tó pé odindi. Ẹrù tí ó gbà wọ́n ní ogójì ọdún ni àwọn ọmọ wa ń nà síra wọn nínú ilé òkú.

Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí, a kò gbàgbé yín. Kí ilé-ẹ̀kọ́ òyìnbó tó dé ni wàláà ti wà ní ilé kéú, ọmọ tí kò tí ì lè so ṣòkòtò ara rẹ̀ a sì ti máa ka Fátíhà. Ẹ gbọ́ èyí: àlùfáà ìjọ Kristi kan, M. S. Cole, ni ó kọ́kọ́ túmọ̀ Àlùkùránì sí Yorùbá tí a sì tẹ̀ ní 1906. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àlùfáà yín tìkára wọn ṣe tiyín. Àwa ti rí bàbá kan ní Mando níhìn-ín tí ó ń ké kéwú ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ó sì ń ka ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá sókè kí ìyàwó rẹ̀ tí ń dá iná lè gbọ́. Àwa ará ìta pàápàá a máa dúró gbọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwé báyìí kò dùn, pé ti ìsìn nìkan ni. Nígbà rògbòdìyàn ọdún 2000, tí kónílé-ó-gbélé sé wa mọ́lé, ìwé mẹ́ta péré ni ó wà nínú ilé wa: Bíbélì, Ìwé Orin, àti Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, èyí tí Bunyan kọ tí David Hinderer sì túmọ̀. A ń ka tirẹ̀ sókè lálaalẹ́, ohùn rẹlẹ̀, aṣọ lójú fèrèsé. Àwọn ọmọdé ń béèrè, "Ṣé ó ti dé?" Wọ́n ń bẹ̀rù fún arìnrìn-àjò inú ìwé tí wọ́n fi gbàgbé ẹ̀rù tiwọn. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé Hinderer náà mọ ohun tí ọ̀nà dídí jẹ́. Ìbàdàn ni ó wà nígbà ogun Ìjàyè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ọ̀nà Èkó àti Abẹ́òkúta dí, òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹrù ilé jẹun. Ní 1866 ni ìwé náà jáde.

Àwa ará Mando ni ó yẹ kí ó yé jù. Ẹnu ọ̀nà wa níhìn-ín ni a ti ń wọ ọkọ̀ gba Birnin Gwari, Tegina àti Mokwa lọ sí Jẹ́bà àti Ìlọrin, tí à ń fi òróró àti ìrẹsì ránṣẹ́ sílé, tí ilé sì ń fi lẹ́tà àti ìwé ránṣẹ́ sí wa. Láti ọdún díẹ̀ wá, ẹ̀yin náà mọ bí ẹ̀rù ajínigbé ti sọ ọ̀nà náà dà. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí kò tí ì fojú kan ìlú bàbá wọn. Ibo ni wọn yóò ti gbọ́ Yorùbá tí ó jinlẹ̀, bí kò bá ṣe nínú ìwé?

Fágúnwà náà rin ìhà ibí yìí. Tíṣà ọmọ Òkè-Igbó, ọmọ onígbàgbọ́, ni ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí ó jáde ní 1938. Ọdẹ inú rẹ̀ a máa bá iwin jà, kò sì pẹ́ tí ìwàásù yóò fi bọ́ sí i lẹ́nu. (Àwọn kan ní ìwàásù rẹ̀ pọ̀ jù. Lójú tiwa, ẹni tí ó bá fo ìwàásù Fágúnwà ti fo ẹran inú ọbẹ̀.) Ní oṣù Kejìlá 1963 ni odò gbé e lọ ní Wuya lẹ́bàá Bida. Omi tí ó ń gba abẹ́ afárá Kàdúná wa kọjá yìí náà ni ó ń ṣàn lọ sí Wuya.

Ẹ̀bi ta ni? Tiwa ni. Ọmọ wa tí ó mi orí ní ibi àìsùn kò tí ì dáyé ní ọdún 2000. Nígbà tí ó dé, tẹlifíṣọ̀n ti gba alẹ́ lọ́wọ́ wa, lẹ́yìn náà fóònù gba ìyókù. Ó gbọ́ Háúsá bí ọmọ Zaria, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń gba ẹ̀bùn ní ilé-ẹ̀kọ́, inú wa ń dùn. A kò ka ìwé kan sókè sí i létí rí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà, a ń ka owó.

Nítorí náà ni a ṣe tọ ìgbìmọ̀ lọ, wọ́n sì ti gbà. Láti Sátidé tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó máa kàwé ní gbọ̀ngàn yìí fún wákàtí kan. Ìyá àgbà náà yóò jókòó ti àwọn tí kò mọ ábídí rárá. Àlùfáà wa kan yóò jókòó ti àwọn ọmọ Mùsùlùmí, Yorùbá ni yóò bá wọn kà. Lẹ́yìn náà gbogbo wa yóò pàdé, ẹnì kan yóò ka ìtàn sókè. Òbí tí ó bá mú ọmọ wá kò gbọdọ̀ sọ ọ́ sílẹ̀ kí ó lọ. Kí òun náà jókòó. Ẹni tí ó bá ní ìwé ábídí àtijọ́ tàbí ìwé kíkà nínú àpótí, ìbáà ti ya, kí ó mú un wá fún akọ̀wé, a ó lẹ̀ ẹ́.

Ìyá náà ní kí a sọ fún yín pé òun kì í dúró de ẹni tí ó bá pẹ́.