Kọ́bọ́ọ̀dù Ilé-ìdáná àti Ọwọ́ Tí Ń Ṣe É

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìpàpó)

  

Ní ìpàdé tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin wa tí ń wa ọkọ̀ dìde, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní òun gbé kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ìdáná láti ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn lọ sí ilé olówó kan, òun sì gbọ́ iye tí wọ́n san lé e lórí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ṣé pákó náà ni àbí wúrà? Bí owó rẹ̀ bá tó báyìí, kí ló dé tí ẹni tí ó kàn án ń yá owó ọkọ̀ kí ó tó délé?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn lẹ́nu wa. A ṣe ìlérí pé a óò dáhùn, ìdáhùn náà nìyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ a-gbọ́-sọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn kan nínú wa ti ń dúró nídìí ẹ̀rọ ayùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa bí a ti ń fi nǹkan pamọ́ sí ilé-ìdáná. Àwọn ìyá wa ní àjà lókè ààrò, èéfín a máa lọ síbẹ̀, kòkòrò kò sì lè jẹ àgbàdo tí ó wà níbẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ni àjà. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń kàn mọ́ ògiri láti igun dé igun lónìí, ìran rẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní 1926, obìnrin ayàwòrán-ilé kan, ọmọ ilẹ̀ Austria, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Margarete Schütte-Lihotzky, ya ilé-ìdáná kan fún àwọn ilé tí ìlú Frankfurt ń kọ́ fún òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Jámánì. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 1.9 lọ, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3.4. Obìnrin yìí ro ìṣísẹ̀ tí ìyàwó ilé ń rìn láti ìdí ààrò dé ìdí omi, ó sì to gbogbo rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà ro wọ́n. Nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ẹ fi etí sí i dáadáa: ilé òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Àwa tí a ń ṣe é lónìí, mélòó nínú wa ni ó ní in nílé?

Ti Frankfurt, ìwọ̀n tí wọ́n ti yà sílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe wọn. Èyí tí àwa ń ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Bí télọ̀ ti ń wọn ọrùn àti apá ẹni kí ó tó gé aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni a ń wọn ilé-ìdáná oníbàárà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ògiri tí ó gún. Ẹni tí ó bá wọn ògiri lẹ́ẹ̀kan péré nísàlẹ̀, tí ó sì wá sọ fún wa pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni, ó ti purọ́ fún wa láìmọ̀. A gbọ́dọ̀ wọn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, kí a sì mú èyí tí ó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ó wo ibi tí páìpù omi ti yọ, ibi tí iná wà, àti ibi tí fèrèsé ń ṣí sí. A ó béèrè bí ìyá ilé ti ga tó pẹ̀lú. Àwọn tí ń ṣe é lọ́pọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 90 sí gíga tábìlì ìdáná, ṣùgbọ́n bí obìnrin náà bá kúrú, èjìká ni yóò fi gé ẹ̀fọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Láti inú ìwọ̀n yìí ni a ti ń kọ ìwé gígé, tí ó ń sọ iye pákó àti bọ́ọ̀dù tí a ó gé àti ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé yìí bá ṣì, gbogbo ilé-iṣẹ́ ti ṣì. Síbẹ̀, ọmọ tí ó ń kọ ọ́ kì í gba ju owó akọ̀wé kékeré lọ.

Ní ti igi, ọ̀nà méjì ni. Ara àpótí, èyí tí ojú kì í rí, bọ́ọ̀dù ni a fi ń ṣe é: pílánkì tí ó ní ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn àti 4 ní fífẹ̀, tí ó nípọn tó mìlímítà 18. Òmíràn jẹ́ awẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ra, òmíràn jẹ́ ìfọ́ igi tí a pò mọ́ àtè tí a sì fi ooru tẹ̀ pọ̀. Èyí kejì yìí kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí omi bá wọ etí rẹ̀, yóò wú bí búrẹ́dì inú tíì. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kan fi wà tí ń fi àtè gbígbóná lẹ gbogbo etí rẹ̀ pa. Oníṣẹ́ tí ó bá fo etí ẹ̀yìn nítorí pé ẹnìkan kì yóò rí i, ó ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ lábẹ́ síńkì.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni a fi ń ṣe igi gidi: ọ̀gànwó, ìrókò, afárá, tàbí apá. Igi tí ó yí wa ká níhìn-ín, igi irú àti igi ẹ̀mí, oúnjẹ ni wọ́n jẹ́ fún wa, a kì í gé wọn ṣe ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n apá ń hù ní ọ̀dàn wa, ó sì le. Ẹni tí ó ti fi ìfági fá a rí mọ̀ pé kì í ṣe igi ọ̀lẹ, àmọ́ bí ó bá ti gbẹ, ó gbẹ náà nìyẹn, kì í sáábà yí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gbígbẹ yìí, nítorí pé òun ni ó dá ìjà tí ẹgbẹ́ jà sílẹ̀. Igi ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń pọ̀ ọ́. Nígbà òjò yóò fẹ̀, nígbà ọyẹ́ yóò sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í yí padà tó nǹkan, fífẹ̀ rẹ̀ ni ó ń yí. Nítorí náà ni àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń ṣe ilẹ̀kùn ní awẹ́ márùn-ún: igi ìdúró méjì, igi ìdábùú méjì, àti pákó àárín kan. A ó gbẹ́ ihò tóóró sí inú igi mẹ́rin náà, a ó ki etí pákó àárín bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi àtè kàn án. Ẹ jẹ́ kí ó máa mí. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ pa, ọyẹ́ yóò là á.

Ní ọdún kan, ilé-iṣẹ́ tí àwa kan ń bá ṣiṣẹ́ ra pákó tútù nígbà òjò. A sọ fún fóòmáànù pé pákó tí ó nípọn tó íǹṣì kan yẹ kí ó gba nǹkan bí ọdún kan nínú afẹ́fẹ́, tàbí kí wọ́n gbé e sínú ilé gbígbóná tí a fi ń gbẹ pákó. Ó ní oníbàárà ń dúró. A kàn án, a kùn ún, ó dán bí dígí. Wọ́n gbé e lọ sí Ṣakí. Nígbà tí ó di oṣù kìíní, tí ọyẹ́ dé, pákó ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í là lóru, ó ń dún bí ìbọn ọdẹ, tí ìyá àgbà inú ilé fi pariwo olè. Oníbàárà kò san owó tí ó kù. Kí ni ilé-iṣẹ́ ṣe? Wọ́n yọ owó náà lára owó oṣù àwa mẹ́fà.

Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti wọlé. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ owó òṣìṣẹ́ bí ó bá ti wù ú. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tí ó ṣe àìbìkítà, agbanisíṣẹ́ lè yọ ìwọ̀n tí ó tọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ nínú ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá tí ìjọba yàn sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Wọn kò gba àṣẹ kankan. Àìbìkítà náà kì í sì í ṣe tiwa. A kọ ìwé, a dúró tì í, wọ́n dá owó náà padà ní ìdá mẹ́ta, oṣù mẹ́ta. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó káàdì ẹgbẹ́ ṣòfò.

Wàyí o, ìdí ẹ̀rọ. Ayùn yíyí ni ó ń gé bọ́ọ̀dù. Lórí rẹ̀ ni ìbòrí irin máa ń wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni abẹ pẹlẹbẹ kan tí kì í yí, èyí tí kì í jẹ́ kí ojú ibi tí a gé padé mọ́ ayùn. Bí kò bá sí abẹ yìí, pákó lè fún ayùn mọ́ra, kí ayùn sì jù ú padà sí ikùn ẹni tí ń tì í. A kì í wọ ìbọ̀wọ́ nídìí ẹ̀rọ yìí: bí eyín ayùn bá mú aṣọ, yóò fa ọwọ́ tẹ̀ lé e. Igi ìtìpákó ni a fi ń ti ìparí rẹ̀, kì í ṣe àtàǹpàkò. Lẹ́yìn gígé ni ẹ̀rọ ìdáhò ń lu ihò: ihò ilẹ̀kùn mìlímítà 35, àti ihò wẹ́wẹ́ tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mìlímítà 32. Ìwọ̀n kan náà ni ní Jámánì, òun ni ní Ìbàdàn, kí irin tí wọ́n rọ níbẹ̀ lè bá àpótí tí a kàn níhìn-ín mu.

Gbogbo yín mọ ọmọ wa tí ó jókòó níwájú yìí. A kò ní pe orúkọ rẹ̀. Ọdún Iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin, olówó kan fẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù òun wọlé kí àlejò tó dé. Wọ́n ní ìbòrí ayùn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, wọ́n tú u. Ìka méjì ni ó lọ, ti ọwọ́ ọ̀tún. Máníjà ní òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni, kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, nítorí náà òun kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan.

Irọ́ ni. Òfin Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti 1987 ní kí agbanisíṣẹ́ bo gbogbo ibi tí ó léwu lára ẹ̀rọ. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti 2010 sì pe ẹni tí a gbà lẹ́nu lásán, ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, àti òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ní òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń dá owó náà, náírà 1 nínú 100 owó iṣẹ́ tí ó ń san, sí àpò tí àjọ NSITF ń tọ́jú. Wọn kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ lára yín. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ọjọ́: láàárín ọjọ́ 14 ni kí ẹni tí ó fara pa tàbí ènìyàn rẹ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti sọ fún àjọ náà. Ọjọ́ kọkànlá ni ìyá ọmọ yìí tó wá bá wa. Ó rò pé àánú ni òun ń wá. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó kù. A kọ ìwé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa sì gbé e lọ sí Ìbàdàn ní ìdájí láìgba owó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ewu kejì kò ní ẹ̀jẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí ẹ kà á sí. Lẹ́búlẹ́bú pákó ni. Ẹni tí ó bá ti ń fi sánpépà ra ìrókò mọ bí imú ti ń ṣe àti bí ara ti ń yún. Ní àwọn ọdún 1960, ní ìlú High Wycombe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí iṣẹ́ àga ti gbilẹ̀, dókítà obìnrin kan, Esmé Hadfield, rí i pé àwọn tí jẹjẹrẹ ihò imú ń mú, àwọn onígi ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1995, àjọ àgbáyé tí ń wádìí jẹjẹrẹ ka eruku igi mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ẹ̀rọ tí ń fa eruku wà, ó ń lọ ní ìdí ayùn níbòmíràn. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ kúrò lára ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ń wọ ọ̀fun ẹni tí ń gbálẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ń parí iṣẹ́ náà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n di ẹ̀bi rù yín. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé pé ẹ gba ẹrù, ẹ tú aṣọ orí rẹ̀ wò. Ilẹ̀kùn tí ó ti sán kí ó tó wọ ọkọ̀, bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, tiyín ni. Ẹ gbé àpótí ró, ẹ má fi ojú rẹ̀ dé ilẹ̀, ẹ fi aṣọ sí ibi tí okùn ti ń fún un.

Arákùnrin wa, ibi tí owó náà wà nìyẹn: ó wà nínú ìwọ̀n, nínú gbígbẹ, nínú ihò tóóró tí ẹnìkan kò rí. Iye tí ó ń kàn wá nínú rẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí owó oṣù, ohun mẹ́ta wà nínú ìwé tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà: kí ìbòrí ayùn padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ̀rọ tí ń fa eruku dé, kí òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tí ó ti lé ní oṣù mẹ́ta gba ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí ó bá lè kọ orúkọ rẹ̀, kó kọ ọ́, ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kó tẹ ìka. Ọmọ wa yìí ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ òsì ni ó fi tẹ̀ ẹ́.