Jíìpù Àtijọ́ àti Sípíríìngì Afẹ́fẹ́



Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi jíìpù àtijọ́ kó ẹbí àti ẹrù relé nígbà ọdún. Bí ẹrù bá pọ̀, ìdí ọkọ̀ á wọlẹ̀, iná iwájú á kọjú sókè. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń yọ sípíríìngì irin, tí wọ́n ń fi rọ́bà afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Láti 1992 ni Range Rover ti ń lò ó. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà, ìdí ọkọ̀ á sì dọ́gba pẹ̀lú iwájú.

Ṣùgbọ́n èmi mẹkáníìkì yín ń sọ fún yín: afẹ́fẹ́ kò fi kún ẹrù tó yẹ kí ọkọ̀ gbé. Táyà àti bíréèkì kò yí padà. Oòrùn àti yanrìn Kano ń jẹ rọ́bà. Bí ó bá ti ń sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ nìkan gbé dúró. Bí rọ́bà bá jò, ọkọ̀ á bọ́ lé yín lórí. Ẹ fi sitáńdì irin gbé e.

Bí owó kò bá tó, sípíríìngì irin tuntun sàn ju rọ́bà tòkúnbọ̀ lọ. Ọ̀nà á dára fún wa o.