Fíláàsì Wo Ló Ń Mú Omi Gbóná Pẹ́?



Ọ̀rọ̀ fíláàsì ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo rí ẹnìkan tó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ẹ̀yìn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa, oko wọn jìnnà. Ní ìdájí ni ó máa ń po ẹ̀kọ, á fi mílíìkì àti ṣúgà sí i, á dà á sínú fíláàsì, á pọn ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún kan, ó di oko. Bó bá di ọ̀sán, á bu ẹ̀kọ náà sínú ife, á tọ́ ọ wò. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Inú rẹ̀ á dùn pé kò ní jó ọmọ lẹ́nu. Kò pẹ́ tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn kan ní eyín ló ń hù. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò nílé ìwòsàn kí ara ọmọ tó balẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ béèrè ohun tó ń jẹ lóko. Ìyá náà sọ fún un. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ̀kọ àárọ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀.”

Kòkòrò àrùn kì í lè gbèrú nínú ohun tó gbóná janjan. Nínú ohun tó tutù nini, wọn kì í yára pọ̀. Ohun tó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́, pàápàá bí mílíìkì bá wà níbẹ̀.

Mo ní kí ìyá náà yá mi ní fíláàsì rẹ̀. Mo kó tèmi méjì tì í. Ọ̀kan nínú tèmi jẹ́ onígíláàsì, èkejì jẹ́ onírin. Ti ìyá náà, ike ni, fóòmù ni wọ́n kì sáàárín rẹ̀. Omi tí wọ́n ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo se omi nínú ìkòkò kan ṣoṣo, mo dà á kún wọn dé ọrùn, mo dé wọn pinpin, mo gbé wọn síta nínú ọyẹ́ ní agogo 6 àárọ̀. N ò ṣí wọn títí agogo 12 fi lù.

Omi inú onígíláàsì ṣì ń rú èéfín, n ò lè mu ún láìfẹ́ ẹ. Ti onírin gbóná dáadáa, ṣùgbọ́n kò tó ìyẹn. Ti onífóòmù? Omi ìwẹ̀ ọmọ ni ó dà.

Ìdí rẹ̀ rèé. Fíláàsì kì í dáná, kò lè mú nǹkan gbóná. Ó kàn ń dá ooru dúró kó má sá lọ ni. Ooru a máa ti ara nǹkan kan bọ́ sára èkejì, bí ṣíbí irin ṣe ń jó wa lọ́wọ́ nínú ọbẹ̀ tó ń hó. Afẹ́fẹ́ náà a máa gbé e lọ. Ó sì tún ń ta síni lára láti òkèèrè, bí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Nínú fíláàsì gidi, ìgò méjì ló wọnú ara wọn, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde. Ooru kò rí nǹkan gùn kọjá. Awọ tó ń dán bíi dígí tí wọ́n fi bo ara ìgò náà ń dá èyí tó ń tani padà. Fóòmù kò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Onírin náà ní òfìfo yìí, ṣùgbọ́n ooru díẹ̀ ń gba ọrùn irin rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, bó bá já bọ́ lóko, kò ní fọ́. Ti gíláàsì bá fọ́ nínú, ẹ da ohun inú rẹ̀ nù pátápátá, ẹ má sẹ́ ẹ mu.

James Dewar, ọmọ Skọ́tílándì, ló ṣe irú ìgò yìí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1892. Kì í ṣe nítorí tíì o! Ohun tó tutù kọjá yìnyín ló fẹ́ fi pa mọ́. Àwọn ará Jámánì ló sọ ọ́ di ọjà ní ọdún 1904, tí wọ́n pè é ní Thermos.

Bí ẹ bá fẹ́ ra fíláàsì, ẹ ní kí wọ́n da omi gbígbóná sí i, kí ẹ dé e, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá fọwọ́ kan ara rẹ̀ níta. Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná, ooru ti ń sá lọ nìyẹn. Bí olùtajà bá bínú, ẹ fi fíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Nílé, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan inú rẹ̀ kí ẹ tó da èyí tó hó sí i, kí gíláàsì má baà là nínú òtútù. Ẹ jẹ́ kó kún: mo da omi dé ìdajì sínú onígíláàsì kan náà lọ́jọ́ kejì, nígbà tó di ọ̀sán, n ò fẹ́ ẹ kí n tó mu ún.

Ẹ̀kọ ọmọ ńkọ́? Ẹ má fi sínú fíláàsì kankan. Ìyá yẹn ń gbé ògì àti ìkòkò kékeré lọ sóko báyìí. Á dáná, á se é kó hó, ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ jẹ ni á tó fi mílíìkì sí i. Fíláàsì ike náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi tútù ló ń bù sí i fún ọkọ rẹ̀.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù gbé fíláàsì rẹ̀ wá. Èmi ni n ó gbé omi kaná.