Kí Ẹsẹ̀ Tó Kúrò Nílé: Ìmúra Ẹni tí Ń Lọ sí Erékùṣù Príncipe

  Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrìn-àjò Ìbàdàn sí Èkó, tí ènìyàn lè gbàgbé oògùn rẹ̀ sílé kí ó sì ra òmíràn ní ìdíkọ̀.

Ẹ mú máàpù Áfíríkà, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ fi ìka sí ibi tí Odò Ọya ti ń da omi rẹ̀ sínú òkun, kí ẹ fa ìka náà lọ sí apá ọ̀tún díẹ̀. Ẹ óò kan Bioko, erékùṣù ńlá tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Fernando Po. Ẹ wá sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àti sí apá òsì, ẹ óò rí ẹyọ kan tí ó kéré bí èékánná ọmọdé. Príncipe nìyẹn. Òun àti São Tomé ni wọ́n jọ di orílẹ̀-èdè kan ní 1975, nígbà tí àwọn Potogí fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tí ń gbé Príncipe kò pé 10,000. Igbó dúdú ni, òkè ni, òjò sì ni. Ibẹ̀ ni kòkó ti kọ́kọ́ fi gbòǹgbò múlẹ̀ ní agbègbè wa yìí, nígbà tí wọ́n gbé e wá láti Brazil ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Àwọn erékùṣù wọ̀nyí ni ó sì gbà kọjá kí ó tó dé ilẹ̀ tiwa. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi owó kòkó rán lọ sí ilé-ìwé, kí ó má ṣe pe Príncipe ní ibi àjèjì.

Ọkùnrin kan tí ó fẹ́ lọ síbẹ̀ bi mí ní ohun tí ó yẹ kí òun kó dání. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dárúkọ ibà fún mi o. Èmi àti ibà ti jọ dàgbà." Mo ní, "Àbúrò mi, ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an nìyẹn."

Òtítọ́ ni pé àgbàlagbà tí ó dàgbà sí ilẹ̀ wa, tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré, ara rẹ̀ ti mọ ibà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa: irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ní kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ kí ara rẹ̀ má gbóná rárá. Ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, kòkòrò sì wà nínú rẹ̀. Ní Príncipe, ó lé ní 20 ọdún tí wọ́n ti ń fín oògùn ẹ̀fọn sí ara ògiri ilé, tí wọ́n ń pín àwọ̀n ẹ̀fọn, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wò. Ibà ti dín kù níbẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ kò ní agbára ara tí àwa ní sí i. Bí ẹ̀fọn ibẹ̀ bá jẹ àbúrò mi yìí lálẹ́ ọjọ́ tí ó dé, tí ó sì jẹ ọmọ onílé ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ta ni ó mú ibà wá? Kí ẹni tí ń ti Nàìjíríà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀, bí wọ́n bá sì rí kòkòrò, kí ó lo oògùn rẹ̀ tán.

Bí ẹ bá rò pé mo ń ṣe àsọdùn, ẹ gbọ́ ìtàn eṣinṣin kan. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí ni àrùn oorun ti ń pa àwọn ará Príncipe àti àwọn alágbàṣe oko kòkó. Eṣinṣin tí ń jẹ́ tsetse ni ó ń gbé e láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn. Láàárín 1911 àti 1914, oníṣègùn Potogí kan, Bernardo Bruto da Costa, kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ láti dojú kọ ọ́. Wọ́n gé igbó, wọ́n fa omi àbàtà gbẹ, wọ́n pa àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tí ń jẹ̀ kiri, nítorí ara wọn ni eṣinṣin ti ń mu ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn alágbàṣe a máa so aṣọ dúdú tí a fi oje kùn mọ́ ẹ̀yìn. Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lóko, eṣinṣin a bà lé aṣọ náà, a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn di pańpẹ́! Nígbà tí 1914 parí, eṣinṣin náà kò sí mọ́. Ó lé ní 40 ọdún tí wọ́n fi sinmi. Ní 1956, wọ́n tún rí i. Kò lè dá fò kọjá irú òkun bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tàbí ẹrù ẹnìkan ni ó bá wọlé. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó sì di 1958 kí wọ́n tó lé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ọ̀rọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tí a bí sí London tàbí Amẹ́ríkà, àti àwọn tí ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin kò ní agbára ara yẹn o. Èyí tí a kó láti kékeré pàápàá a máa dín kù bí ènìyàn bá ti kúrò nílé fún ọdún mélòó kan. Ibà ilẹ̀ wa àti ti Príncipe lè pa irú yín láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ lọ bá dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kí ó yan oògùn tí ń dènà ibà fún yín. Òmíràn wà tí a ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí a tó lọ, tí a ó sì máa lò ó títí di ọjọ́ keje lẹ́yìn tí a bá padà. Òmíràn wà tí a ó lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìpadàbọ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ẹ ti fojú kan ilé. Ní alẹ́, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, nítorí pé ẹ̀fọn àwọn erékùṣù wọ̀nyí a máa jẹni níta, kì í ṣe inú yàrá nìkan.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ńkọ́? Dandan ni fún ẹni tí ń ti Nàìjíríà lọ. Ó kéré tán, kí ó pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ ti gbà á kí ẹ tó dé ọ̀hún, nítorí pé ọjọ́ kẹwàá ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti 2016, ìwé náà kì í kú mọ́. Títí ayé ẹni ni. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ra yẹ́lò káàdì láì gba abẹ́rẹ́. Aṣọ́bodè ni wọ́n tàn, wọn kò tan ẹ̀fọn.

Ó wá ku àpò. Láti São Tomé, ọkọ̀ òfúrufú kékeré ni ó ń gbé ènìyàn lọ, ìrìn rẹ̀ kò sì tó wákàtí kan, ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́, ẹ óò dúró. Ní 1919, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Arthur Eddington, lọ sí Príncipe láti ya fọ́tò àwọn ìràwọ̀ nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, kí ó lè dán èrò Einstein wò. Ó fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ó gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì tètè wọ ọkọ̀ kí ó má baà há síbẹ̀. Ọkọ̀ ni ọ̀gá ní erékùṣù.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tàbí ikọ́ fée, kí ó mú oògùn tí ó tó ìlọ́po méjì ọjọ́ tí ó fẹ́ lò, kí ó sì gbé e sínú àpò ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe inú ẹrù tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó ní ìwé kan tí a kọ orúkọ àìsàn àti oògùn rẹ̀ sí ní èdè Potogí, nítorí pé òun ni dókítà ibẹ̀ ń sọ. Eyín tí ń ro yín díẹ̀díẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ nílé. Ẹ mú awò ojú kejì. Aboyún kò gbọdọ̀ lọ láì kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan wà ní Santo António, ìlú wọn, ṣùgbọ́n kékeré ni, àìsàn tí ó bá sì le, São Tomé ni wọ́n ń gbé e lọ, nígbà mìíràn títí dé ilẹ̀ Potogí. Oògùn tí ẹ bá gbà níbẹ̀ nítorí ìgbàgbé yín, inú ìpín ọmọ onílé ni a ti yọ ọ́.

Ẹ se omi mímu títí yóò fi hó. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ènìyàn, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, ojú ṣíbí kí ó tẹ́jú, nínú lítà kan omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ní ti òkun, ẹ bi àwọn apẹja kí ẹ tó bọ́ aṣọ. Wọ́n mọ ibi tí omi ti ń fa ènìyàn.

Bí ẹ bá sì ti padà dé, tí ara yín gbóná láàárín oṣù mẹ́ta, àní bí ó pẹ́ tó ọdún kan pàápàá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó, ẹ má jẹ́ kí dókítà pè é ní òtútù lásán: kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu yín jẹ́ pé, "Mo ti Príncipe bọ̀, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún ibà."