Marie Curie: Ó Kọ́ Ẹ̀kọ́, Ó sì Kọ́ni

Ọ̀rọ̀ obìnrin kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Marie Curie ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Warsaw ní ilẹ̀ Pólàǹdì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1867. Ìjọba Rọ́ṣíà ló ń ṣe àkóso wọn nígbà náà. Wọn kì í gba obìnrin sí yunifásítì níbẹ̀. Owó kò sì sí nílé. Ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní ìwé ní abúlé. Ó ń fi lára owó rẹ̀ ran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́, èyí tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Paris. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, yóò kó àwọn ọmọ àgbẹ̀ jọ, yóò fi èdè wọn kọ́ wọn ní ìwé. Ìjọba kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é.

Ní 1891, ó kan òun náà. Ó lọ sí Paris. Ó kọ́ físíìsì, ẹ̀kọ́ nípa ooru, ìmọ́lẹ̀ àti iná mànàmáná. Ní ìdánwò 1893, òun ló gba ipò kìíní.

Òun àti Pierre ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ahéré kan tí òjò ń jò. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù òkúta ni ó sè, tí ó ń fi ọ̀pá irin rò ó, kí ó tó rí radium tí kò ju fínńfín lọ. Radium yìí ni àwọn dókítà fi bá àrùn jẹjẹrẹ jà. Ní 1903 ó gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti Henri Becquerel. Obìnrin kan kò gbà á rí ṣáájú rẹ̀.

Ní 1906, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà pa Pierre. Yunifásítì fi iṣẹ́ ọkọ lé aya lọ́wọ́. Obìnrin kò kọ́ni níbẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, èrò kún fọ́fọ́. Wọ́n fẹ́ gbọ́ bí opó yóò ti dárò. Kò dárò o! Ibi tí ọkọ rẹ̀ bá ẹ̀kọ́ dé gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó tún gba Nobel kejì ní 1911. Nígbà ogun 1914, ó kọ́ àwọn obìnrin bí 150 ní ìlò ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán egungun. Ó kú ní 1934. Wọ́n gbà pé ìtànṣán tó fi ń ṣiṣẹ́ ló ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá a kú. Ní 1935, Irène ọmọ rẹ̀, tó kọ́ níṣẹ́, gba Nobel pẹ̀lú ọkọ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó mọ̀wé tí kò kọ́ ẹlòmíràn, ìwé náà yóò bá a kú ni. Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ wo ẹni tí kò tíì mọ ABD. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ ṣí ìwé yín sí iwájú rẹ̀.