Bí Linux Bá Kọ̀ Láti Wọ Inú Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́



Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ni Microsoft ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi ní kí a fi Linux sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà wa. Linux kọ̀, kò wọlé. Àwọn kan ní kí a pa ohun gbogbo inú rẹ̀ rẹ́. A ní ó tì o: ìwé owó oṣooṣù àti owó ìsìnkú wà níbẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Bí ẹ bá pa Windows, kì í sùn tán. Ètò tí à ń pè ní Fast Startup ni ó ń mú kí ó la ojú kan sílẹ̀. Linux kò sì ní gbà láti pín yàrá ẹni tí kò tíì sùn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ da àwọn ìwé kọ sínú fúláàṣì, kí ẹ gbé e pamọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ Control Panel, ẹ pa Fast Startup, kí ẹ tó pa ẹ̀rọ. Bí Windows bá ń gba ọ̀nà UEFI jí, kí Linux náà gba ibẹ̀. Níkẹyìn, bí ó bá bi yín, ẹ mú “Install alongside”. “Erase disk” ni í gbá gbogbo ilé dànù.

Báyìí ni a ṣe é, àwọn méjèèjì sì ń jí. Àwa náà bá àwọn Gbagyi nílẹ̀ ní Mpape. A kò lé wọn kí a tó rí ibi sùn.