Bí A Bá Pínyà, Ta Ni Yóò Dúró sí Ẹnubodè?



Ìbéèrè tí ẹ̀yin baálẹ̀, ìyálọ́jà àti àgbẹ̀ láti Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé: bí Yorùbá bá kúrò lára Nàìjíríà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọrọ̀ ajé wa? Láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2024, tí àwọn kan gbé ìbọn wọ ọgbà iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Agodi, n'Ìbàdàn, tí wọ́n ní àwọn ti dá orílẹ̀-èdè Yorùbá sílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù àtidá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi kò wá pàṣẹ pé ká lọ tàbí ká dúró. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé bí ìlú méjì bá pínyà, òwò yóò ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n ẹnubodè yóò wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹni tó bá sì dúró síbẹ̀ ni yóò máa gbowó.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá ní ọjà Ṣáṣá, ní Akínyẹlé níbí. Ẹ̀mí ṣòfò, ṣọ́ọ̀bù jóná, ìjọba ti ọjà pa. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù ní àwọn kò kó ẹrù wá sí Gúúsù mọ́. Láti ọjọ́ 25 oṣù náà títí di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró ní Jẹ́bà, lẹ́bàá odò Ọya. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹran àti àlùbọ́sà ṣe gbówó lórí. Lókè Ọya, tòmátì ń jẹrà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó rí i tà ń tà á ní àtàgbé. Ọ̀sẹ̀ kan péré nìyẹn o.

Ẹ wá wo ilé adìẹ kan ní Ẹgbẹ́dá. Àgbàdo ló ń kó bí ìdajì oúnjẹ adìẹ tó ń yé, sóyà tẹ̀ lé e. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ti Òkè-Ògùn wá, ṣùgbọ́n a kò lè yọ Bẹ́núé àti Kàdúná kúrò níbẹ̀. Bí owó bá gorí àpò àgbàdo ní ẹnubodè, yóò gorí kíréètì ẹyin. Bí oníbàárà bá kọ̀ tí kò rà á mọ́, olóko a ta adìẹ tó ṣì ń yé fún ẹni tí yóò pa á jẹ. Obì gbànja ẹ̀wẹ̀, inú oko àyíká Ìbàdàn ló ti ń jáde, àmọ́ ará Òkè Ọya ló ń jẹ ẹ́ jù. Ẹnubodè kan náà ni yóò bu owó lára ohun tí a ń rà àti lára ohun tí a ń tà.

Ẹni tó ní ká lọ lè sọ pé, “Ọ̀dọ̀ wa ni òkun wà, wọn yóò wá bẹ̀ wá.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣófo, ṣùgbọ́n kó wo Malanville ní orílẹ̀-èdè Benin, létí ibodè Niger. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, àjọ ECOWAS ti ibodè mọ́ wọn. Nígbà tí Benin ṣí tirẹ̀, Niger kọ̀, kò ṣí tiẹ̀. Niger tí kò ní òkun gba Burkina Faso lọ sí èbúté Lomé, ọ̀nà jíjìn tí ewu kún. Àwọn ará Malanville sì ń fi ọkọ̀ ojú omi dá ẹrù kọjá lábẹ́ afárá tí ọkọ̀ ẹrù kò lè gbà. Niger, Málì àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS pátápátá ní ọjọ́ 29 oṣù Kíní ọdún 2025. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, wọ́n ti gbé owó ìdá 0.5 nínú 100 lé ẹrù tó ń ti òde orílẹ̀-èdè wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tí ogun kankan kò bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, dìbò láti kúrò nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2016. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó fẹnu kò lórí àdéhùn òwò.

Ẹni tó ní ká dúró náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ẹ bi awakọ̀ tó ń kó iṣu bọ̀ ní ọjà Bódìjà léèrè: tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ kan kì í tán kí òmíràn tó dé, àwọn agbófinró náà ń na ọwọ́. Orílẹ̀-èdè kan là ń pe ara wa, ẹnubodè sì pọ̀ lójú ọ̀nà wa ju ti àjèjì lọ.

Ẹ má sì rò pé bí ìjọba bá ti jẹ́ tiwa, ara ti tu wá nìyẹn. Ìjọba tí Táfà Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ Àkànràn tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà bá jà lórí owó orí ní 1968 sí 1969, Ìbàdàn ló fìdí kalẹ̀ sí, Yorùbá ló ń ṣe gómìnà rẹ̀. Ṣílè 30 ni àwọn àgbẹ̀ ní àwọn lè san lówó orí. Ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ wọn ló ní kí wọ́n san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí olóṣèlú tàbí ajìjàgbara kan bá wá sí abúlé yín pé ká lọ, ẹ ní kó ka àdéhùn òwò tó fẹ́ bá Òkè Ọya ṣe sí yín létí: eélòó lórí àpò àgbàdo, eélòó lórí obì, owó wo ni a ó máa ná, ta ni yóò sì máa ṣọ́ ẹni tó ń gbowó níbodè? Bí òmíràn bá ní ká dúró, ẹ ní kó dárúkọ ẹnubodè tí yóò kọ́kọ́ wó láàárín Jẹ́bà àti Bódìjà, kó sì dá ọjọ́ tí yóò wó o. Ẹni tí kò bá lè dáhùn nínú àwọn méjèèjì, ẹ jẹ́ kó máa lọ, kí ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín.